Ìròyìn Gbọ́dọ̀ Ní Sanadi

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó fún ọmọ ènìyàn ní kálámù àti òye. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sahábà rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lé iṣẹ́ ìròyìn. Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò di oníṣẹ́ ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kì í gbé ìròyìn láàárín wa. Ẹni tí ó ń kọ ìròyìn fún ẹ̀ka ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó ń ṣe wáàsí, ẹni tí ó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù sí igba ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oníròyìn ni gbogbo wọn. Ohun tí a fẹ́ kọ́ ni bí a ṣe lè fi ìwádìí àwọn onímọ̀ yunifásítì àti àkọsílẹ̀ ìjọba ti ìròyìn lẹ́yìn, kí ó má baà jẹ́ àgbọ́sọ lásán. Ẹyin lohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. A ó rí i níwájú pé ohun tí ó máa ń fọ́ nígbà mìíràn kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan, ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni.

ÌPÌLẸ̀ Ọ̀RỌ̀ NÍNÚ Ẹ̀SÌN

Nínú Suratul Hujurat, áyà 6, Ọlọ́hun kìlọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ òdodo pé kí wọ́n yẹ ìròyìn tí ẹni tí kò ṣe é fọkàn tán bá mú wá wò dáadáa, nítorí pé àìmọ̀ lè mú wọn ṣe àwọn kan ní ibi, àbámọ̀ ni yóò sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn onítáfsíìrì so áyà yìí mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn Banu Mustaliq. Ẹni tí a rán lọ gba sàká lọ́wọ́ wọn padà láìdé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì ròyìn pé wọ́n kọ̀ láti san án. Díẹ̀ ni ó kù kí ogun dìde sí àwọn ènìyàn tí kò ṣẹ̀.

Áyà kejì tí ó bá ẹ̀kọ́ wa mu jùlọ ni áyà 83 nínú Suratun Nisai. Ọlọ́hun bá àwọn kan wí níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí ìròyìn ìfọ̀kànbalẹ̀ tàbí ti ìbẹ̀rù bá ti dé etí wọn, kíá ni wọ́n ti fọ́n ọn káàkiri. Ohun tí ó yẹ ni kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Òjíṣẹ́ àti àwọn tí ọ̀rọ̀ wà níkàáwọ́ wọn, kí àwọn tí wọ́n lè wú òtítọ́ rẹ̀ jáde lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú, ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí a lò níbẹ̀: istinbat. Inú gbígbẹ́ kànga ni ọ̀rọ̀ náà ti wá; omi tí ó kọ́kọ́ sun jáde nígbà tí a bá gbẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń pè ní nabat. Èyí fi yé wa pé òtítọ́ ọ̀rọ̀ kì í fi gbogbo ìgbà wà lójú ilẹ̀. Ó ń fẹ́ ẹni tí ó ní dígà, tí ó sì mọ ibi tí omi wà. Lóde òní, nínú ọ̀rọ̀ ìlera, ọrọ̀-ajé, ẹ̀kọ́ àti ìkànìyàn, àwọn tí wọ́n ń gbẹ́ irú kànga bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìwádìí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ọ̀NÀ ÀWỌN ONÍMỌ̀ HÁDÍÌSÌ

Yíyẹ ìròyìn wò kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn onímọ̀ hádíìsì pín ìròyìn kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà méjì: sanadi, ìyẹn okùn àwọn tí wọ́n gbà á lẹ́nu ara wọn, àti matini, ìyẹn ọ̀rọ̀ náà gan-an. Wọ́n á béèrè pé: Ta ni ó sọ ọ́? Ǹjẹ́ ó pàdé ẹni tí ó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Ǹjẹ́ olóòótọ́ ni, ṣé iyè rẹ̀ sì jí? Ǹjẹ́ àwọn mìíràn ròyìn rẹ̀ bákan náà? Jabir ọmọ Abdullah rin ìrìn oṣù kan lọ sí ilẹ̀ Shaamu nítorí hádíìsì kan ṣoṣo, kí ó lè gbọ́ ọ lẹ́nu Abdullah ọmọ Unays, ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì fúnra rẹ̀. Imaamu Muslim náà gbé hádíìsì kan sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀ tí ó kọ́ wa pé bí ènìyàn bá ń sọ gbogbo ohun tí ó ti gbọ́, ìyẹn nìkan tó láti kà á mọ́ àwọn òpùrọ́.

A kò sọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n dọ́gba pẹ̀lú hádíìsì o. Ọ̀nà àyẹ̀wò ni a ń fi wé ara wọn. Irú ìbéèrè kan náà ni ó yẹ kí á máa bi ìwádìí àti nọ́ḿbà: Ta ni ó kà á? Ènìyàn mélòó ni ó bi léèrè? Báwo ni ó ṣe ṣà wọ́n? Ta ni ó san owó iṣẹ́ náà? Ṣé ẹlòmíràn tún un ṣe tí ó sì rí i bákan náà? Ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn mẹ́ta tí yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa.

ÌTÀN KÌÍNÍ: DETROIT, 1967

Ní oṣù keje ọdún 1967, rògbòdìyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 43 ni ó kú. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń sọ ohun tí ó fà á. Àwọn kan ní àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò kàwé, tí wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá láwùjọ, ni wọ́n da ìlú rú. Àwọn mìíràn ní àwọn tí wọ́n ṣí wá láti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè náà, tí ìgbé ayé ìlú ńlá kò bá lára mu, ni.

Oníròyìn kan wà tí ó ń jẹ́ Philip Meyer, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún kan ní yunifásítì Harvard láti kọ́ bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣe ìwádìí nípa àwùjọ. Ó darapọ̀ mọ́ àwọn oníṣẹ́ ìwé ìròyìn Detroit Free Press. Òun àti àwọn onímọ̀ kan láti yunifásítì Michigan to ìbéèrè jọ, wọ́n kọ́ àwọn tí yóò lọ máa bi í, wọ́n sì bi ènìyàn 437 tí wọ́n ṣà ní àdúgbò tí ìjà náà ti ṣẹlẹ̀. Èsì tí wọ́n rí kò bá ohun tí ará ìlú ń sọ mu. Àwọn tí wọ́n dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga dá sí ìjà náà bí àwọn tí kò parí ìwé mẹ́wàá. Àwọn tí wọ́n dàgbà ní gúúsù kò tilẹ̀ dá sí i tó àwọn tí wọ́n dàgbà ní àríwá. Ìwé ìròyìn náà gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 1968 fún bí ó ṣe ròyìn rògbòdìyàn náà.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ìbéèrè ṣe níhìn-ín. Ó gba àwọn aláìlẹ́ṣẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Bí a bá di ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ lé púrúǹtù àti àlejò lórí láìwádìí, a ti ṣe ohun tí Suratul Hujurat kìlọ̀ fún wa gan-an.

ÌTÀN KEJÌ: LONDON, 1998

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo ohun tí onímọ̀ bá ti kọ ni ó ti yanjú. Gẹ́gẹ́ bí hádíìsì aláìlera ti wà, bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí aláìlera wà. Ní oṣù kejì ọdún 1998, ìwé ìṣègùn The Lancet ní London tẹ ìwádìí kan jáde tí Andrew Wakefield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó mú kí àwọn ènìyàn so àjẹsára MMR, tí a fi ń dènà àrùn èéyi, ṣegede àti rubella, mọ́ àìsàn ótísìmù. Ọmọ mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò? Méjìlá péré. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e kiri fún ọdún púpọ̀ bí ẹni pé ọmọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ni.

Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Denmark lo àkọsílẹ̀ tí ìjọba wọn ń ṣe lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí a bá bí. Ọmọ 537,303 ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi àwọn tí ó gba àjẹsára náà wé àwọn tí kò gbà á, ótísìmù kò pọ̀ lára àwọn tí ó gbà á ju àwọn tí kò gbà á lọ. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù ti wọlé. Ní England, nígbà tí ó fi di 2003 sí 2004, àwọn ọmọ tí ó ń gbà á ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 80 nínú 100. Ní ọdún 2004, oníròyìn Brian Deer ti ìwé ìròyìn Sunday Times tú u síta pé àwọn lọ́yà tí wọ́n fẹ́ pe àwọn tí ń ṣe àjẹsára náà lẹ́jọ́ ti ń san owó fún Wakefield. The Lancet fa ìwádìí náà yọ kúrò ní oṣù kejì ọdún 2010, a sì yọ orúkọ Wakefield kúrò nínú ìwé àwọn dókítà lọ́dún kan náà.

Ìbéèrè méjì ni ì bá ti gba gbogbo wọn sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ọmọ mélòó ni, ta ni ó sì san owó?

ÌTÀN KẸTA: KANO, 1996 SÍ 2004

Ìtàn tí ó kan àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n ni ti Kano. Ní ọdún 1996, àrùn yírùnyírùn jà púpọ̀ ní ìhà àríwá. Iléeṣẹ́ oògùn Pfizer ti Amẹ́ríkà wá dán oògùn tuntun kan tí ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọdé ní Kano. Nǹkan bí 200 ọmọ ni wọ́n. Ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn, 11 nínú wọn sì kú. Pfizer ní àrùn ni ó pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2000, ìwé ìròyìn Washington Post bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohun tí ó wádìí lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn oníròyìn rẹ̀ kò pariwo, ìwé ni wọ́n yẹ̀ wò. Lẹ́tà kan wà tí ó sọ pé ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ti fọwọ́ sí ìdánwò náà. Oṣù kẹta ọdún 1996 ni ọjọ́ tí a kọ sí i lórí, bẹ́ẹ̀ ni irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì sí ní àkókò náà. Báyìí gẹ́lẹ́ ni àwọn onímọ̀ hádíìsì ṣe máa ń fi ọdún ìbí àti ọdún ikú mú ẹni tí ó bá ní òun gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí ó ti kú kí wọ́n tó bí òun. Ní ọdún 2009, Pfizer bá ìpínlẹ̀ Kano ṣe àdéhùn láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là.

Ìrora yẹn kò tíì tán lára àwọn ènìyàn nígbà tí ó fi di 2003. Ìròyìn wá tàn pé àjẹsára àrùn rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu ní èròjà tí yóò sọ àwọn ọmọbìnrin di àgàn, àti pé kòkòrò éèdì wà nínú rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní àríwá dá a dúró. Kano ni ó pẹ́ jùlọ. Kò tún bẹ̀rẹ̀ títí di ìparí oṣù keje ọdún 2004, lẹ́yìn àyẹ̀wò, àti lẹ́yìn tí wọ́n rí àjẹsára gbà láti Indonesia tí Mùsùlùmí pọ̀ sí.

Ẹ wá wo àkọsílẹ̀. Ní 2002, ọmọ 202 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà. Ní 2003, wọ́n di 355. Ní 2004, wọ́n di 782. Kò dúró sí ọ̀dọ̀ wa. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ka ìran kòkòrò àrùn, láti ọ̀kan dé èkejì, bí ẹni ń ka sanadi. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ dé Indonesia ní 2005, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí wọn kò ti rí i, tí ó sì mú ọmọ tí ó lé ní 300, wọ́n ka ìran rẹ̀, wọ́n sì rí i pé àríwá Nàìjíríà ni ó ti wá. Orílẹ̀-èdè tí ó fún wa ní àjẹsára ni àrùn láti ọ̀dọ̀ wa lọ bá. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni a tó kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti àdáyébá.

A kò gbọdọ̀ fi àwọn ará Kano ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbẹ̀rù wọn ní ìpìlẹ̀, ojú wọn ti rí nǹkan. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé òtítọ́ nípa oògùn kan ni a sọ di ẹ̀rí lórí oògùn mìíràn. Oníròyìn tí ó bá fẹ́ ran irú ìlú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yóò sọ ọ̀rọ̀ Trovan ní kíkún láìfi bò. Lẹ́yìn náà ni yóò fi àkọsílẹ̀ iye ọmọ tí rọpárọsẹ̀ ń mú lóṣooṣù síwájú ará ìlú, yóò sì wá àbájáde àyẹ̀wò lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe é. Bí ó bá fi èkíní bò, kò sí ẹni tí yóò gba èkejì lẹ́nu rẹ̀.

ÌLÀNÀ MÁRÙN-ÚN FÚN ẸNI TÍ YÓÒ KỌ ÌRÒYÌN

1. Lọ sí orísun. Má ṣe gba ìwádìí lẹ́nu ìwé ìròyìn mìíràn. Jabir rin ìrìn oṣù kan; ìwọ lè rí ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí lórí fóònù rẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ka ibi tí wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, àti ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí ìwádìí náà kò lè fi hàn. Bí kò bá yé ọ, mú un lọ bá olùkọ́ kan ní yunifásítì tí ó sún mọ́ ọ.

2. Béèrè pé, nínú mélòó? Nọ́ḿbà tí kò sọ iye tí a ti mú un dà bí sanadi tí ó já.

3. Má ṣe dúró lórí ìwádìí kan ṣoṣo. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Wo ohun tí àwọn mìíràn rí.

4. Béèrè ẹni tí ó san owó àti ẹni tí èrè rẹ̀ kàn. Kí o sì bi ara rẹ pẹ̀lú, nítorí áyà 135 nínú Suratun Nisai pa á láṣẹ kí á jẹ́rìí òdodo, kódà bí ó bá tako àwa fúnra wa, òbí wa tàbí ẹbí wa.

5. Béèrè fún àkọsílẹ̀. Láti ọdún 2011 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tí ó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba fún ìwé tí ó wà lọ́wọ́ wọn, láìsọ ìdí. Ọjọ́ méje ni òfin náà fi sílẹ̀ fún wọn láti dáhùn. Bí wọ́n bá kọ̀, kíkọ̀ wọn náà di ìròyìn.

ÀPẸẸRẸ MÉJÌ LÁTI ILÉ

Ẹ jẹ́ kí á fi ìlànà wọ̀nyí ṣe iṣẹ́. Ìwádìí ńlá kan wà lórí ìdílé àti ìlera ní Nàìjíríà tí a mọ̀ sí NDHS. Ti ọdún 2013 sọ pé fún ọmọ 100,000 tí a bí láàyè, ìyá 576 ni ó kú nítorí oyún tàbí ìbímọ. Ti ọdún 2018 sọ pé 512 ni. Ẹni tí ń kánjú yóò kọ ọ́ pé ikú àwọn ìyá ti dínkù. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò rí i pé kì í ṣe ìwé ilé ìwòsàn ni wọ́n kà. Obìnrin ni wọ́n ń bi léèrè nípa àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, èyí tí ó wà láàyè àti èyí tí ó ti kú, àti bí ó ṣe kú. Ní 2018, obìnrin 41,821 ni ó kópa nínú ìwádìí náà, nọ́ḿbà yẹn sì kó ọdún méje pọ̀. Nítorí pé ṣíṣà ni a ṣà wọ́n, nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan ní ààlà ìṣirò tirẹ̀, lókè àti nísàlẹ̀; ààlà ti 2013 àti ti 2018 sì wọ inú ara wọn. Nítorí náà, a kò lè fi wọ́n búra pé ìdínkù wà. Ohun tí a lè sọ ni pé àwọn ìyá wa àti àwọn arábìnrin wa ṣì ń kú lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìròyìn tí ó tó kọ ni ìyẹn, kò sì nílò àbùmọ́.

Èkejì kan ẹ̀sìn wa gan-an. A máa ń rí ìwé tí ó sọ pé ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé Mùsùlùmí tó báyìí nínú 100, ẹlẹ́sìn mìíràn sì tó báyìí. Ìkànìyàn náà ka ènìyàn 140,431,790, ṣùgbọ́n kò béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ti ọdún 1991 náà kò béèrè. Ti ọdún 1963 ni ó béèrè. Ẹni tí ó bá fi orúkọ ìkànìyàn 2006 gbé irú nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀ jáde, irọ́ ni ó gbé, ìbáà gbè wá, ìbáà má gbè wá. Bí a bá ń yọ̀ sí irọ́ nítorí pé ó dùn létí wa, ẹnu wo ni a ó fi bá ẹlòmíràn wí nígbà tí ó bá pa tirẹ̀ mọ́ wa?

ÌPARÍ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìjọ tí ó fi ìmọ̀ sanadi ṣọ́ ọ̀rọ̀ Ànábì rẹ̀ kò yẹ ní ìjọ tí ń gbé àgbọ́sọ. Kí á tó fi ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa, tàbí kí á tó fi í ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí á kọ orísun rẹ̀ sí i lábẹ́, kí ẹni tí ó bá kà á lè tọ ọ̀nà kan náà dé ìdí rẹ̀. Èyí tí a kò bá rí orísun rẹ̀, kí á fi í sílẹ̀. Etí, ojú àti ọkàn, gbogbo wọn ni a ó bi léèrè lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ HÁLÁKÀ

1. Kí ni ìtumọ̀ istinbat, báwo ni ó sì ṣe kan iṣẹ́ oníròyìn?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìwádìí ọmọ 12 ti London àti ti ọmọ 537,303 ti Denmark?
3. Kí ni ó jẹ́ òtítọ́, kí ni ó sì jẹ́ irọ́, nínú ohun tí ó dẹ́rù ba àwọn ará Kano?
4. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìròyìn kan tí ó ní nọ́ḿbà nínú wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí ó sì sọ sanadi rẹ̀ fún wa.

Kí Ọlọ́hun fi òtítọ́ hàn wá ní òtítọ́, kí Ó sì fún wa ní agbára láti tẹ̀lé e. Kí Ó fi irọ́ hàn wá ní irọ́, kí Ó sì gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Àmín. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ.